Kíkó Líǹkì Jáde Nínú Ọ̀pọ̀ Táàbù

Ní àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà káàkiri Gowon Estate ní Alimosho, l'Ékòó, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ tí kò sí nínú ìwé iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Fọ́tòkọ́pì wà níbẹ̀, títẹ ìwé wà níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ JAMB wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jókòó ti ọ̀gá láti àárọ̀, tí wọ́n jọ ṣí ojú-ewé mẹ́tàdínlógún lórí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yóò dìde, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbogbo líǹkì yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi." Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á tẹ táàbù àkọ́kọ́, á tẹ àdírẹ́sì lókè, á kọ́pì rẹ̀, á lọ sí WhatsApp, á péèsìtì, á padà wá sórí táàbù kejì. Bó bá dé ìkẹsàn-án, oníbàárà mìíràn á ti wọlé, ẹ̀gbọ́n á gbójú sókè kí i, kò sì ní mọ èyí tó ti kọ́pì mọ́ àti èyí tí kò tíì kọ́pì.

Mi ò rí ìdí kankan tí iṣẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà láti kó gbogbo líǹkì jáde lẹ́ẹ̀kan náà wà, ó sì ti wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wa ní lọ́wọ́, láìra ohunkóhun kún un. Ẹni tó máa fi hàn wá ni kò sí. Èmi yóò yẹ àwọn ọ̀nà náà wò níbí, èyí tó dára àti èyí tó léwu. Lẹ́yìn náà, n óò sọ ohun tó ṣe pàtàkì ju kíkó jáde lọ lójú tèmi, ìyẹn bí líǹkì tí a kó yóò ṣe wúlò fún wa lọ́la.

Kọ́pì àti péèsìtì tí gbogbo wa ń lò yìí, ọwọ́ Larry Tesler àti Tim Mott ló ti jáde, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Xerox PARC ní California, láàárín 1973 sí 1976. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni wọ́n ń rò: kí akọ̀wé lè mú gbólóhùn kan níhìn-ín, kó gbé e sí ibòmíràn. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni àyè tí ohun tí a kọ́pì ń wà ń gbà. Bí o bá kọ́pì èkejì, àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn. Tesler kú ní oṣù Kejì 2020, ohun tó fi sílẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Táàbù ní tirẹ̀ dé lẹ́yìn ogún ọdún. Ní 1997 ni Adam Stiles gbé buráúsà SimulBrowse jáde, èyí tó di NetCaptor lẹ́yìn náà. Firefox sọ táàbù di ohun gbogbo ayé ní 2004, Internet Explorer kò sì ní i títí di 2006. Àwọn tó lo sàìbà kafé l'Ékòó nígbà yẹn, tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì "overnight" kí wọ́n lè fi òru ṣe iṣẹ́, yóò rántí pé fèrèsé ni gbogbo ojú-ewé ń ṣí sí, tí wọ́n á tò sí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà títí a ò fi ní mọ èwo ni èwo. Táàbù gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe kọ́pì kò mọ táàbù, àwọn tó ṣe táàbù kò sì tún kọ́pì ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni kọ́pì ń gbé, ọ̀pọ̀ ni táàbù ń kó jọ, àwa la sì ń fi ìka wa dí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì.

Àwọn kan á ní kí ló wá kàn wá, ṣebí a lè fi táàbù náà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe gan-an nìyẹn. Chrome orí Android kì í fi nọ́ńbà tó kọjá 99 hàn. Bí táàbù bá pé ọgọ́rùn-ún, ":D" ló máa kọ sínú àpótí kékeré náà, mo sì ti rí i lórí fóònù àwọn tó pọ̀. Ṣùgbọ́n táàbù tó ṣí kò túmọ̀ sí pé ojú-ewé wà lọ́wọ́ wa. Bí àyè inú fóònù bá kún, buráúsà á jù ú nù wẹ́rẹ́, á fi orúkọ rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ tí a bá padà dé orí rẹ̀, yóò tún lọ gbé e wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà á sì jẹ. Dátà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré mọ́ láti ìgbà tí àjọ NCC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ìgbà mìíràn sì wà tí ojú-ewé náà kò ní wá rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ní ogójì táàbù ní ṣíṣí lọ́jọ́ náà, tí fóònù rẹ̀ ti jù wọ́n nù, ogójì orúkọ ló ní lọ́wọ́.

Chrome orí Android tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Táàbù tí a kò bá fọwọ́ kàn fún ọjọ́ 21, yóò kó o lọ sí àyè ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ "Inactive tabs". Ẹni tó ń wá iṣẹ́, tó fi ojú-ewé ìgbanisíṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá pé òun máa padà wá, lè rò pé ó ti sọnù. Kó tó dé orí ìyẹn ló yẹ kó ti kó líǹkì rẹ̀ síbi tó dára.

Fóònù ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Alimosho fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Chrome orí Android, tẹ àpótí kékeré tí nọ́ńbà táàbù wà nínú rẹ̀, kí gbogbo táàbù tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ. Tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, yan "Select tabs". Fọwọ́ kan àwọn tí o fẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì á máa hàn lórí wọn. Tún tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta náà, wàá rí "Share tabs". Láti ibẹ̀, o lè rán gbogbo wọn sí WhatsApp, sí ìmeèlì, tàbí sí ibi tí o ń kọ àkọsílẹ̀ sí. Ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Bí ẹnì kan bá ṣí ogún ojú-ewé aṣọ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó kó yàn, èyí ni ọ̀nà tirẹ̀. Firefox orí Android ṣe tirẹ̀ jẹ́jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú àkójọ táàbù, dọ́ọ̀tì mẹ́ta, "Share all tabs". Kò bi ọ́ pé èwo, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Mo fẹ́ràn ti Chrome jù ú lọ nínú ọ̀ràn yìí, ìdí rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Lórí iPhone, Safari ti ní ẹgbẹ́ táàbù láti ìgbà iOS 15 ní 2021. Kó àwọn táàbù tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan sínú ẹgbẹ́ kan, fún un lórúkọ, lẹ́yìn náà tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ nínú àkójọ, "Copy Links" yóò jáde. Èyí dára fún ẹni tó máa ń ṣètò nǹkan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní láti kọ́kọ́ ṣà wọ́n.

Ẹni tí buráúsà rẹ̀ kò bá ní irú ọ̀nà yìí lè lo kíbọọ̀dù fóònù. Gboard ní àyè kan tó ń tọ́jú ohun tí a bá kọ́pì, a sì lè máa kọ́pì líǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ká wá máa lẹ̀ wọ́n tẹ̀léra níkẹyìn. A kò bọ́ lọ́wọ́ kíkọ́pì lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a bọ́ lọ́wọ́ lílọ síwá-sẹ́yìn. Wákàtí kan péré ni nǹkan ń lò níbẹ̀ bí a kò bá fi píìnì sí i.

Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀nà pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù. Èyí tí mo fọwọ́ sí fún ọ̀gá bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni ti bookmark, ìyẹn àdírẹ́sì tí a pa mọ́ sínú buráúsà, nítorí kò béèrè pé ká gbé ohun àjèjì kankan wọlé. Bí gbogbo táàbù tó wà nínú fèrèsé kan bá jẹ́ ti oníbàárà kan ṣoṣo, di Ctrl àti Shift mú, tẹ D. Chrome á béèrè orúkọ fódà. Kọ "Pírójẹ́ẹ̀tì ọjà Ìpájà" tàbí ohun tó bá jẹ́. Di Ctrl àti Shift mú lẹ́ẹ̀kejì, tẹ O, ibi tí gbogbo bookmark wà á ṣí. Wọ inú fódà yẹn, tẹ Ctrl àti A kí o lè yan gbogbo rẹ̀, tẹ Ctrl àti C. Ṣí Notepad, tẹ Ctrl àti V. Gbogbo líǹkì á tò sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, o lè kó wọn lọ sínú Excel bó bá wù ọ́. Bó bá jẹ́ díẹ̀ nínú táàbù lo fẹ́, di Ctrl mú nígbà tí o ń tẹ wọ́n lókè. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ara wọn, tẹ àkọ́kọ́, di Shift mú, tẹ ìkẹyìn, kí o wá fà wọ́n kúrò lọ sí fèrèsé tuntun kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Firefox náà ti gbà ká fi Ctrl àti Shift yan táàbù báyìí láti oṣù Kejìlá 2018. Nínú rẹ̀, bí o bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì tẹ táàbù kan, "Select All Tabs" wà níbẹ̀, "Bookmark Tabs" sì tẹ̀lé e. Bí o bá kọ́pì wọn láti inú àkójọ bookmark rẹ̀ lọ sínú Word, orúkọ ojú-ewé ló máa ń tẹ̀lé líǹkì lọ, èyí tí Chrome kì í ṣe nígbà tí a bá lẹ̀ ẹ́ sí Notepad. Ẹni tó ń kọ ìwé ìwádìí yóò mọ rírì ìyẹn.

Windows fúnra rẹ̀ ti ní ìrántí fún kọ́pì láti oṣù Kẹwàá 2018. Tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú V, gbà kó bẹ̀rẹ̀, á máa tọ́jú ohun 25 tí o kọ́pì kẹ́yìn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojútùú ọ̀rọ̀ yìí. Ní kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jókòó sí, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti tàn án sílẹ̀: pásíwọ́ọ̀dù tí oníbàárà àárọ̀ kọ́pì lè wà níbẹ̀ fún oníbàárà ìrọ̀lẹ́ láti rí.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn àfikún tí a ń gbé sínú buráúsà. Wọ́n pọ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè: tẹ̀ ẹ́, gbogbo líǹkì á ti wà nínú kọ́pì rẹ, pẹ̀lú orúkọ, bí o bá ṣe fẹ́ kó rí. OneTab ń sọ gbogbo táàbù di àkójọ kan lójú ẹsẹ̀. TabCopy ń kọ́pì wọn ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Mi ò lè sẹ́ pé ìrọ̀rùn wọn ju ti bookmark lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú àfikún bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wa kó tó lè ṣiṣẹ́: àṣẹ láti rí àdírẹ́sì gbogbo ojú-ewé tí a bá ṣí. Chrome máa ń kọ ọ́ síwájú wa kí a tó gbà á, a kì í kà á. Ìtàn The Great Suspender yẹ kó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ṣe é tà á fún ẹlòmíràn ní 2020, àwọn tó ń lò ó kò mọ olówó tuntun náà, Google sì yọ ọ́ kúrò ní oṣù Kejì 2021 nítorí pé ó ti di ohun ìpalára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn jí tí wọn kò rí táàbù tí wọ́n fi pa mọ́ sínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń fi líǹkì ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ lè gba ọ̀kan, kó yan èyí tó lókìkí, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọ ojú-ewé NIN àti báńkì fún àwọn aládùúgbò, mo ní rárá.

Ìdí tí mo fi ní ọ̀nà tó jẹ́ ká yàn dára ju èyí tó ń kó gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Nínú àwọn táàbù tó ṣí, kì í ṣe gbogbo líǹkì ló jẹ́ àdírẹ́sì lásán. Líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìmeèlì rẹ pé kí o fi yí pásíwọ́ọ̀dù padà jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló wọlé. Ìwé Google Docs tí wọ́n ti fi àṣẹ sí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì lè ṣí i, bó bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí ilé-ẹ̀kọ́, ó ti di ti gbogbo wọn. Líǹkì ìpàdé Zoom lè gbé pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ dání. Orí kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni ewu yìí ti ga jù, nítorí táàbù ìyá àgbà tó wá wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Fèrèsé kan fún oníbàárà kan ló yẹ kó jẹ́ òfin, kí wọ́n sì pa fódà bookmark rẹ̀ rẹ́ kó tó dìde.

Ohun mìíràn tún máa ń tẹ̀lé líǹkì tí kò yẹ kó tẹ̀lé e. Bí a bá gba orí Facebook dé ojú-ewé kan, "fbclid" àti ọ̀rọ̀ gígùn kan á wà lẹ́yìn àdírẹ́sì rẹ̀. Bó bá jẹ́ láti inú ìpolówó, "utm_source" àti àwọn ẹbí rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣòwò fi ń tọpa ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, a lè gé ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ìbéèrè, kí ojú-ewé sì ṣí síbẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo o: lórí YouTube, ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè, "v=", ni orúkọ fídíò náà gan-an. Gé e, tẹ̀ ẹ́ wò, kí o tó fi ránṣẹ́.

Mo wá dé ibi tó dùn mí jù. Ogún líǹkì tó tò sílẹ̀ láìní orúkọ, láìní ọjọ́, láìní ìdí tí a fi mú wọn, kò ju ẹrù lọ. Mo ti rí pírójẹ́ẹ̀tì tí ìwé ìtọ́kasí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àkójọ líǹkì gígùn-gígùn, tí olùkọ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ èwo ni ìwé ìròyìn, èwo ni ìwé ìwádìí, èwo ni ìpolówó. Ẹni tó bá ń kó líǹkì jáde, kó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà gan-an: ta ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí mo kà á, ohun tó sọ tí mo nílò. Bí ọwọ́ rẹ bá kún, Chrome lè ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Nínú ibi àkójọ bookmark, "Export bookmarks" máa ń ṣe fáìlì kan tó ní orúkọ ojú-ewé, àdírẹ́sì rẹ̀ àti àkókò tí a fi pa á mọ́. Ìdí tí a fi mú un nìkan ni kò lè bá wa kọ.

Ojú-ewé sì máa ń kú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2024 tó fi hàn pé nínú àwọn ojú-ewé tó wà ní 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé rí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ wa, kò yọ ìwé ìròyìn sílẹ̀, kò yọ ojú-ewé ìjọba sílẹ̀: wọ́n tún ojú-ewé ṣe, àdírẹ́sì yí padà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé lórí bí Gowon Estate ṣe bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé fún àwọn ará ìlú tí wọ́n sì fi orúkọ Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè láti 1966 sí 1975, pè é, yóò rí i pé díẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé díẹ̀ náà ń dín kù.

Ohun tí a lè ṣe kò wọ́n. Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996, ní ibi tó ń jẹ́ Wayback Machine, àti àyè kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní "Save Page Now". Lẹ àdírẹ́sì síbẹ̀, yóò ya àwòrán ojú-ewé náà bó ti wà lónìí, yóò sì fún ọ ní líǹkì tuntun tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú. Ọ̀fẹ́ ni. Fún líǹkì márùn-ún tí iṣẹ́ rẹ dúró lé lórí nínú ogún tí o kó, ṣe é lọ́jọ́ tí o kó wọn. Ṣùgbọ́n kò lè wọ ibi tí a fi pásíwọ́ọ̀dù tì. Ojú-ewé JAMB tó ní orúkọ rẹ, ìwé ẹ̀rí owó ilé-ẹ̀kọ́, ìdáhùn tí àjọ kan fún ọ nínú àkáǹtì rẹ, líǹkì wọn kò ní ṣí fún ẹlòmíràn, kò sì ní ṣí fún ìwọ náà lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá. Irú èyí, tẹ Ctrl àti P, yan "Save as PDF", fi í pa mọ́, kí o sì fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ kí o tó ti táàbù náà.